Ta Ló Ní Kí Ẹ̀rọ Bódìjà Máa Rọra?

Ẹ̀rọ tó ń wo àwòrán ojú nílé iṣẹ́ Dókítà Bámidélé Oyèkànmí ní Bódìjà ò kú, ẹnikẹ́ni ò jí i gbé, kò sì jóná. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀ bí ìgbín láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti fẹ́ tìtorí ẹ̀ fa ọmọ ọlọ́mọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Èmi Láyí Adéróunmú ni mo fọwọ́ ara mi gbé ẹjọ́ náà wọlé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Bámidélé sì wà lára àwọn tí mo kọ́ ní ìṣirò nígbà tí ikun ṣì ń dà nímú wọn. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Mọ̀mí kí wọ́n yọjú sí mi." Ìyàwó mi, Ìyábọ̀, ló ń pè ní Mọ̀mí. Iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ló ṣe lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nísinsìnyí tó yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́ kó máa tọ́jú mi, gbogbo Ìbàdàn ló ń wá a. Bí ewúrẹ́ bá sọnù l'Ákóbọ̀, wọ́n á ní ká lọ pe Ìyábọ̀ wá. Èmi ni mo sì ń wa ọkọ̀, ẹnikẹ́ni ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí.

"Ìyá Níyì," mo sọ fún un lọ́nà, "o ò mọ kọ̀ǹpútà lò o. Fóònù ọwọ́ ẹ gan-an, Níyìolúwa ló máa ń bá ẹ tún un ṣe."

"Bàbá Níyì, ẹ máa wa ọkọ̀ yín," ló fi dá mi lóhùn. "Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń lọ wò. Àwọn tó ń lò ó ni mò ń lọ wò."

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni. Ìsàlẹ̀ ni ọ́fíìsì, òkè ni Dókítà àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Tiransifọ́mà àdúgbò ti jó láti ọjọ́ Sátidé, àwọn tó ti ń fi iná Báńdì A tí kì í sábà lọ yangàn sì ti padà sídìí jẹnẹrétọ̀ bíi tàwa yòókù. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ló pàdé wa lẹ́nu géètì.

Dókítà dọ̀bálẹ̀ kí wa, ó mú wa wọlé, kò sì jẹ́ ká mumi tó fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà láwọn abúlé máa ń ya àwòrán ojú aláìsàn, wọ́n á fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tó wà ní Bódìjà á wo àwòrán náà, á sọ bóyá àìsàn tó ń fọ́ni lójú ní jẹ́jẹ́ ti wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tó sọ pé "ẹ jókòó, Bàbá", èsì á ti dé. Ní báyìí, Bàbá á jókòó, á sinmi, á sú u, á sì dìde lọ sóko.

"Ta lo fura sí?" ìyàwó mi bi í.

"Olúbùsọ́lá ni, mà. Bùsọ́lá. Òun ló mọ ẹ̀rọ yìí jù nínú gbogbo wa." Dókítà ń fọwọ́ nu ojú, èèyàn á mọ̀ pé kò sùn dáadáa. "Ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa ti ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ẹnu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé, òun ló tan kọ̀ǹpútà, ọjọ́ náà gan-an ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Mo ní kó wá ohun tó ń ṣe é, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Bùsọ́lá ni o, mà. Ọmọ tó ń rí àṣìṣe kí àwa yòókù tó jókòó."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo pe ọ̀gá ilé iṣẹ́ Èkó yẹn láàárọ̀ yìí. Mo sọ fún un pé ẹni tó fẹ́ gbà síṣẹ́, ẹ̀rọ ló ń bà jẹ́. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ tí kò jẹ́wọ́, màá pe ọlọ́pàá."

"O ti kọ́kọ́ ba orúkọ ẹ̀ jẹ́ kí o tó ránṣẹ́ sí mi," ìyàwó mi wí. "Ó dáa."

Mo mọ "ó dáa" yẹn. Ìgbà tó bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀ báyìí nílé wa, nǹkan kan ò dáa, èmi ni mo sì sábà máa ń ṣe é.

Ó ní kí Dókítà padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ pe Tìmílẹ́hìn, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Àkúrẹ́ tó jẹ́ igbákejì Bùsọ́lá. Bó ṣe wọlé tí ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀ ni mo ti tẹ ìyàwó mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo ti rí ọ̀daràn tèmi.

"Bí wọ́n bá lé Bùsọ́lá, ta ni yóò gba ipò ẹ̀?" ìyàwó mi bi í.

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ó wù ẹ́?"

"Rárá, mà." Ó gbójú sókè, omi ti lé sí i lójú. "Kò tíì kọ́ mi tán. Bó bá lọ, ta ni màá máa bi ní ìbéèrè?"

Mo rọra gbé ẹsẹ̀ mi kúrò. Ìyàwó mi ò wò mí, àmọ́ mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

"Tìmílẹ́hìn, ọmọ mi," ó ní, "ṣé o lè gbé ohun tó ń wo ojú yìí sórí kọ̀ǹpútà mìíràn?"

"Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi nìkan ló wà nítòsí, mà, kò sì lágbára tó ti ọ́fíìsì. Ti ọ́fíìsì, ọ̀gá ni."

"Gbé e sí i, ká wò ó."

Kọ̀ǹpútà tó gbé jáde, ìdérí rẹ̀ ti ya, rọ́bà ló fi so ó. Ó da gbogbo nǹkan náà kọ síbẹ̀, ó ju àwòrán ojú kan sí i. Mo ní kí n yọ gíláàsì mi kí n nù ún, èsì ti jáde kí n tó rí aṣọ tí màá fi nù ún. Ó tún ju òmíràn sí i. Bákan náà ló rí. Ẹnu ya Tìmílẹ́hìn fúnra ẹ̀.

"Ẹ ò rí i," ìyàwó mi wí. "Bí Bùsọ́lá bá ti fi àìsàn sínú ọmọ yìí, ibikíbi tó bá lọ ni àìsàn á bá a dé. Ara ọmọ yá. Ilé tó ń gbé ni ká yẹ̀ wò."

Tìmílẹ́hìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní ọpọlọ tó ń wo ojú yẹn, àwọn ló kọ́ ọ, àwòrán ojú lóríṣiríṣi ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó ń gbé ọpọlọ náà rìn, wọn ò ṣe é fúnra wọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí gbogbo ayé ṣe ń gbà á.

"Ẹ́ńjìnnì yẹn létí, mà. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà bá ní kó ṣe. Òṣìṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà mélòó ni kó kó jọ? Ṣé kó máa sọ ohun tó ń ṣe jáde, àbí kó panu mọ́? Environment variable là ń pè é."

"Fún mi ní orúkọ tó máa gba ẹnu mi."

"Ẹ jẹ́ ká pè é ní àṣẹ ilé," mo dá sí i. Tíṣà ni mí, ó yẹ kí n wúlò fún nǹkan kan.

"Àṣẹ ilé dáa," ìyàwó mi wí. Ó jókòó sẹ́yìn, ó dijú, mo sì mọ̀ pé ó ti ń dé ibi tó ń lọ. "Kí ọmọ tó jáde lọ sílé aládùúgbò, ìyá ẹ̀ á ti fà á létí: bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún ẹ, sọ pé o ti yó. Ọmọ á dé ọ̀hún, ebi á máa pa á, wọ́n á bu oúnjẹ síwájú ẹ̀, á ní òun ti yó. Onílé á wá máa bínú sí ẹni tó se ọbẹ̀. Ṣé ó jọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà," Tìmílẹ́hìn wí.

"A ti tọ́ ọbẹ̀ Bùsọ́lá wò lórí kọ̀ǹpútà tìẹ, ó dùn. Ta ló wá fa ọmọ létí? O ní ẹ lè ní kí ẹ́ńjìnnì náà máa sọ ohun tó ń ṣe jáde?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìlà kan péré ni."

"Ní kó sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò."

Mo ti bá obìnrin yìí lọ sí ibi púpọ̀, n ò tíì rí i kó fi ọ̀rọ̀ wá ẹ̀rọ lẹ́nu wò rí. Tìmílẹ́hìn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ńlá, ó tẹ ìlà náà, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì tún jí i. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tò lójú rẹ̀. Ó ń túmọ̀ wọn fún wa, ohùn ẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á.

"Ó ní òṣìṣẹ́ tí òun bá nílé jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ó ní... ó ní àṣẹ tí òun gbọ́ ni pé kí òun lo ẹyọ kan." Ó gbá orí mú. "Ẹyọ kan péré, mà. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù jókòó lásán láti ọjọ́ Ajé."

"Ìgbà wo ni wọ́n fi àṣẹ yẹn sílẹ̀?"

Ó wo fáìlì tí àṣẹ yẹn wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni wọ́n kọ nǹkan sínú ẹ̀ kẹ́yìn.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyá Níyì, ó tì o. Àjíǹde ti kọjá tipẹ́, ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Àṣẹ wo ló máa sùn fún oṣù bíi mélòó kan kó tó jí?"

 Tìmílẹ́hìn ni ìyàwó mi kọjú sí. "Ṣáájú ọjọ́ Ajé yìí, ìgbà wo lẹ pa kọ̀ǹpútà yìí kẹ́yìn?"

"A kì í pa á, mà. Láti ìgbà Lẹ́ńtì ló ti wà ní títàn. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ló kú fúnra ẹ̀, lẹ́yìn tí tiransifọ́mà ti jó, tí iná inú bátìrì ínfátà sì tán."

"Bàbá Níyì, ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ tó ti jáde nílé kí ìyá ẹ̀ tó sọ̀rọ̀, báwo ló ṣe máa gbọ́ àṣẹ? Ó dìgbà tó bá padà wọlé, tó tún fẹ́ jáde. Ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fi àṣẹ yẹn sílẹ̀, kò sì gbọ́ ọ. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí Bùsọ́lá jí i ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́."

 Ìṣirò ni mo mọ̀ o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí, orí obìnrin yìí wù mí ju bó ṣe wù mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

"Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde," ó tún bi í, "ta ló wà nílé yìí?"

"Èmi wà l'Ákúrẹ́, mà. Bùsọ́lá wà ní Iléṣà níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀, fídíò ló ń fi ránṣẹ́ sí mi ṣáá. Dókítà nìkan..."

Mo dìde kí n lọ bá Bámidélé. Ìyàwó mi fà mí láṣọ. "Ẹ jókòó. Mo ti mọ ẹni tó fi àṣẹ sílẹ̀. Ẹni tó rí i tó sì tún jẹ́ kó wà níbẹ̀ ni kò tíì yé mi. Bí ìwọ Tìmílẹ́hìn bá lè rí i láàárín wákàtí kan, Bùsọ́lá ti rí i."

Yàrá kékeré kan ni wọ́n fi Bùsọ́lá sí, bí ẹni tó ń ṣàìsàn tó ń ranni. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Ojú ẹ̀ ti wú.

"Ṣé o rí ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ?"

"Rárá, mà."

"Igbákejì ẹ rí i."

 Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ kó lè sinmi, ínfátà sì gba iṣẹ́. Tìmílẹ́hìn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sáré wo kọ̀ǹpútà bóyá ó ṣì tàn. Dókítà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ náà yọjú wo tiẹ̀. Bùsọ́lá ò wo kọ̀ǹpútà kankan. Òkè àjà ló gbójú lé, ètè ẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń gbàdúrà, títí a fi gbọ́ ohùn kan tó ń dún fùú, fùú, láti òkè. Nígbà náà ló tó mí kanlẹ̀.

Ìyàwó mi ti rí gbogbo ẹ̀. "Kí ló ń dún lókè?"

"Ẹ̀rọ tí Màmá Dókítà fi ń mí ni, mà. Ó ń fún wọn ní atẹ́gùn."

"Ínfátà kan náà ló ń gbé òun àti kọ̀ǹpútà ìsàlẹ̀?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ìyàwó mi fà á mọ́ra, ó ń gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó sì sọ fún mi pé kí n lọ pe Dókítà, ká jọ gòkè.

Màmá jókòó sórí àga nítòsí fèrèsé, okùn atẹ́gùn wà nímú wọn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi nígbà kan, ojú wọn sì mú bíi ti ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò. Wọ́n rí Bùsọ́lá tó ń sunkún, wọ́n na ọwọ́ sí i, ó sì lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Bámidélé," ìyàwó mi wí, "kí ló ṣẹlẹ̀ nílé yìí lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde?"

Dókítà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Iná lọ, mà. Àwòrán ojú pọ̀ gan-an lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Ínfátà ò lè gbé méjèèjì, ó kú. Kọ̀ǹpútà ní bátìrì kékeré tiẹ̀, kò kú, àmọ́ ẹ̀rọ Màmá dákẹ́. Mo gbé wọn lé àyà, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe." Ó wo ìyá rẹ̀. "Nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tún ń mí, mo bi fóònù mi léèrè bí kọ̀ǹpútà ṣe lè máa jẹ iná díẹ̀. Ó fún mi ní ìlà kan, mo lọ tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan kan tó yí padà. Iná dé, mo sì gbàgbé ẹ̀. Mo rò pé kò gbà ni."

"Ó gbà," ìyàwó mi wí.

Ó yé e díẹ̀díẹ̀. Mo ń wo ojú ẹ̀, ojú kan náà tí mo rí lójú pátákó láyé ìjọ́un nígbà tó bá rí i pé òun ló ṣi ìṣirò, kì í ṣe ìwé.

"Bùsọ́lá," ó ní, "ìwọ rí i?"

"Lọ́jọ́ Ajé, sà. Mo gbé odidi fáìlì náà kúrò níbẹ̀ láìyí nǹkan kan nínú ẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ yẹn dìde lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń sinmi, ínfátà sì kú. Mo gbọ́ tí òkè dákẹ́. Mo sáré gòkè, mo so okùn Màmá mọ́ sílíńdà. Nígbà tí mo padà sísàlẹ̀, mo dá fáìlì náà padà síbi tí mo ti bá a."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Èmi ni mo ní kó má sọ," Màmá wí. Wọ́n ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀, gbogbo wa sì ń dúró dè wọ́n. "Mo mú un búra. O jẹ́ kí iṣẹ́ ìlú òyìnbó lọ nítorí mi. Bí o bá gbọ́ pé ẹ̀rọ ojú àti ẹ̀rọ èémí mi ń du iná mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kí lo máa ṣe?"

"Màá ti ọ́fíìsì náà pa lọ́jọ́ kan náà, Màmá."

"Ìdí nìyẹn. Mi ò fẹ́ máa mí kí ojú àwọn èèyàn wá máa fọ́ nítorí mi." Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí Bùsọ́lá. "Àmọ́ mi ò mọ̀ pé ọmọ yìí lo ń fìyà ẹ̀ jẹ. Kò sọ fún mi. Ó ń gòkè wá lójoojúmọ́, ó ń bá mi ṣeré, ó ń rẹ́rìn-ín."

 Èmi àgbàlagbà ń wá aṣọ gíláàsì mi kiri.

"Ẹ gbọ́ mi," ìyàwó mi wí, torí òun kì í jẹ́ kí ẹkún pẹ́ lórí ohun tó ṣeé tún ṣe. "Ẹ pe oníná wá lónìí, kó ya wáyà wọn sọ́tọ̀. Ẹ fi ínfátà sílẹ̀ fún Màmá nìkan. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń sinmi, kí kọ̀ǹpútà náà sinmi. Bó bá sì ń ṣiṣẹ́, kí gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ jẹun yó. Ṣé ohun tó fẹ́ sọ ẹ̀yin dókítà di aláìsùn nìyẹn?"

Dókítà dìde. Ó lọ dúró síwájú Bùsọ́lá, ó sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kó lè bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ti rí i, ó sáré kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Sà, ẹ má ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é sí mi." Àwọn méjèèjì ń fa ara wọn sókè sódò níbẹ̀. Ìyàwó mi dúró tì wọ́n.

"Ẹ̀bẹ̀ inú yàrá ò tó, Bámidélé," ó ní. "Ẹni tí o ba orúkọ ẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ò sí nínú yàrá yìí."

Dókítà gbé fóònù. Ó pe ọ̀gá ilé iṣẹ́ Èkó náà, ó sì jẹ́ kí ohùn ẹ̀ jáde kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ láàárọ̀ nípa Olúbùsọ́lá, kì í ṣe òótọ́. Ọmọ náà ò ba nǹkan kan jẹ́."

"Ta ló wá ba ẹ̀rọ yín jẹ́, Dókítà?" ọkùnrin náà bi í.

"Èmi ni. Òun ló mọ̀, ó sì gba ẹ̀bi náà mọ́ra kí ìyá mi lè máa mí. Bí ẹ bá gbà á síṣẹ́, ẹ ti rí èèyàn gbà. Bí ẹ ò bá gbà á, ẹ ti ṣe mí lóore tí mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kò tíì pinnu láti ju ọmọ náà sílẹ̀, ó ní àyè ẹ̀ ṣì wà, ó fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀. Dókítà na fóònù sí Bùsọ́lá. Ọmọ náà gbà á lórí ìkúnlẹ̀, ó nu imú, ó wo ojú Dókítà, ó sì wo ojú Màmá.

Màmá mí èémí kan, wọ́n tún mí èkejì, kí ohùn wọn lè dé Èkó.

"Sọ fún wọn," wọ́n ní, "pé ìyá ẹ tó wà ní Bódìjà ò yọ̀ǹda ẹ."

Bùsọ́lá sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ní kó sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó sì kí ọkùnrin náà pé ó dàbọ̀.